ÌDÁ NÍNÚ ÌDÁ: ÌṢIRÒ TÍ KÒ YẸ KÍ Ó ṢÒRO FÚN ỌMỌ YORÙBÁ

Nínú gbogbo ìṣirò tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sí èyí tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí tó bí a ti ń wá ìdá nínú ìdá, èyí tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní ìsọdipúpọ̀ àwọn ìdá. Bí a bá ń pín ogún, òun ni. Bí a bá ń wọn ilẹ̀, òun ni. Bí àwọn tí wọ́n dá owó òwò jọ bá ń pín èrè, òun náà ni. Síbẹ̀, bí a bá bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tí ó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ni ìdí rẹ̀ tí ìdajì lọ́nà ìdámẹ́ta fi jẹ́ ìdámẹ́fà, ohun tí wọn yóò fi dá wa lóhùn ni pé bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ wí. Wọ́n mọ òfin náà lórí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ní èrò tiwa, ẹ̀bi ọmọ kọ́ ni èyí, ìṣirò náà kò sì le. Èdè àjèjì tí a fi ń kọ́ ọ ni ó bo ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè tiwa rèé, tí ó ti gbé ìtumọ̀ náà lé wa lẹ́nu láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Olùkọ́ a kọ ìdá méjì sí ojú pátákó, a sì wí pé: ẹ fi iye òkè lọ́nà iye òkè, ẹ fi iye ìsàlẹ̀ lọ́nà iye ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ a gbà á bí ẹni gba orin. Bí 1/2 × 1/3 bá dé iwájú wọn, wọn yóò kọ 1/6, olùkọ́ yóò sì fa àmì pé wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ń ronú yóò rí ohun tí ó yà á lẹ́nu. Láti ìgbà tí ó ti wà ní kíláàsì kejì ni wọ́n ti sọ fún un pé ìsọdipúpọ̀ a máa mú nǹkan pọ̀ sí i: méjì lọ́nà mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà sì ju méjì lọ, ó sì ju mẹ́ta lọ. Nísinsìnyí wọ́n ní kí ó sọ ìdajì di púpọ̀, ó sì di ìdámẹ́fà, èyí tí ó kéré ju ìdajì lọ, tí ó kéré ju ìdámẹ́ta pàápàá. Irú ìsọdipúpọ̀ wo ni èyí tí ń sọ nǹkan di kékeré? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Bí olùkọ́ bá ní kí ó dákẹ́, kí ó máa kọ òfin lọ, ọmọ náà yóò kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí kò sí nínú ìwé, èyíinì ni pé ìṣirò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń lo làákàyè sí.

Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ kò jìnnà. Bí a bá mú iṣu kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, iṣu mẹ́ta ni a ní. Bí a bá mú un lẹ́ẹ̀kan, iṣu kan náà ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mú un tó ẹ̀ẹ̀kan, bí ó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ni a mú, dandan ni kí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kéré ju iṣu kan lọ. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí iye tí a fi sọ nǹkan di púpọ̀ kò bá tó odindi kan, ohun tí yóò jáde yóò kéré ju ohun tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Orúkọ tí a fún iṣẹ́ náà, ìsọdipúpọ̀, ni ó ń tan ọmọ jẹ. Bí a bá fẹ́ pè é ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu, ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ìdá nínú ìdá, kí a sì máa ka àmì × tí ó wà láàárín ìdá méjì ní ọ̀rọ̀ kékeré yìí: nínú. Ìdajì nínú ìdámẹ́ta. Ìdámárùn-ún nínú ìdámẹ́rin. Ìdá méjì nínú mẹ́ta, nínú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní béèrè mọ́ pé èé ti ṣe tí ó fi kéré, nítorí ohun tí a mú nínú nǹkan kò lè ju nǹkan náà lọ.

Àwọn baba wa tí kò ka ìwé kò fi ìgbà kan ṣe aláìmọ èyí. Ẹ wo obì àbàtà tí ó ní awẹ́ mẹ́rin. Bí baálé bá mú awẹ́ kan, ìdámẹ́rin obì ni ó mú. Bí ó bá là á sí méjì ọgbọọgba, tí ó sì fi ẹ̀là kan fún àlejò rẹ̀, ìdajì nínú ìdámẹ́rin ni ó fún un. Bí a bá la awẹ́ mẹ́ta yòókù bákan náà, ẹ̀là mẹ́jọ ni ìbá wà nínú àwo. Nítorí náà ìdámẹ́jọ obì ni ó kan àlejò. 1/2 × 1/4 = 1/8. Kò sí ọmọ ọdún méje tí kò lè rí èyí bí a bá gbé obì sí iwájú rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ owó. Kí ìjọba tó sọ owó wa di náírà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ìdajì ṣílè ni sísì, ìdajì sísì sì ni tọ́rọ́. Kò sí ìyálọ́jà tí kò mọ̀ pé tọ́rọ́ mẹ́rin ni ó wà nínú ṣílè kan, nítorí ìdajì nínú ìdajì ni ìdámẹ́rin. Kí owó Gẹ̀ẹ́sì tó dé, ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, tí í ṣe 2,000 ẹyọ. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000 ẹyọ. Okùn kan jẹ́ ìdá kan nínú 50 ẹgbàá, ẹgbàá sì jẹ́ ìdá kan nínú 10 ọ̀kẹ́. Ìdá mélòó nínú ọ̀kẹ́ ni okùn kan jẹ́? 1/50 × 1/10 = 1/500. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó fi 500 lọ́nà 40, yóò rí 20,000 ẹyọ tí í ṣe ọ̀kẹ́ pé pérépéré. Iṣẹ́ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù lónìí ni àwọn ìyá wa ń ṣe ní orí àte láìmú kálámù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá ìdí òfin náà, kí ó má baà jẹ́ orin lásán. A ó mú èyí tí ó le díẹ̀: 2/3 × 3/4. Ẹ jẹ́ kí a wí pé ẹbí kan ní ilẹ̀ oko kan tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé. Wọ́n gbin kòkó sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ọdẹ ràn, ó sì jó ìdá méjì nínú mẹ́ta kòkó náà. Ìdá mélòó nínú gbogbo ilẹ̀ ni iná jó?

Kí ọmọ mú igi, kí ó ya ilẹ̀ náà sí ojú erùpẹ̀. Kí ó fa ilà ní òòró, kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin ọgbọọgba. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni kòkó, ọ̀kan ni ó ṣófo. Kí ó tún fa ilà ní ìbú, kí ó pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba. Abala kéékèèké mélòó ni ó wà nísinsìnyí? Ọ̀nà mẹ́rin, tí a gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta: 4 lọ́nà 3, abala 12. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fi iye ìsàlẹ̀ lọ́nà iye ìsàlẹ̀: a fẹ́ mọ iye abala tí gbogbo ilẹ̀ di nígbà tí a pín in lẹ́ẹ̀mejì. Abala mélòó ni iná jó? Kòkó wà ní ọ̀nà mẹ́ta, iná sì jó abala méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 3 lọ́nà 2, abala 6. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń fi iye òkè lọ́nà iye òkè: a fẹ́ mọ iye abala tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Abala 6 nínú 12 ni iná jó, èyíinì ni ìdajì ilẹ̀. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ilà wọ̀nyí kò nílò kí ẹnikẹ́ni lù ú kí ó tó rántí òfin. Bí ó bá tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀ ní ogún ọdún òní, yóò fa ilà sí ilẹ̀, yóò sì tún un rí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀sọ̀ wo ìṣirò yìí yóò rí i pé ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdámẹ́rin mẹ́ta ni kòkó. Méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni iná jó. Ìdámẹ́rin mélòó ni iná jó nígbà náà? Méjì. Ìdámẹ́rin méjì sì ni ìdajì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé 3 tí ó wà lókè àti 3 tí ó wà nísàlẹ̀ pa ara wọn rẹ́, nítorí ohun tí a sọ di ìlọ́po mẹ́ta, tí a sì tún pín sí mẹ́ta, ti padà sí bí ó ti wà. Èyí ni ìtumọ̀ ilà tí olùkọ́ ń fà lé iye òkè àti iye ìsàlẹ̀ lórí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ọmọ ń fa ilà náà láìmọ ìdí, èyí ni ó sì ń mú kí wọ́n máa fà á níbi tí kò yẹ, tí wọ́n ń fi iye òkè pa iye òkè rẹ́. Ẹni tí ó mọ ìdí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ó ku ibì kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà pàápàá ti ń ṣubú, níbẹ̀ sì ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò fura. Èyí ni ti odindi tí ó ní ìdá lẹ́yìn. Bí ilẹ̀ kan bá jẹ́ okùn méjì ààbọ̀ ní gígùn, tí ó sì jẹ́ okùn kan ààbọ̀ ní ìbú, báwo ni yóò ti tóbi tó bí a bá fi ilẹ̀ olókùn kan ní gígùn, olókùn kan ní ìbú, wọ̀n ọ́n? Ẹni tí ń kánjú yóò fi 2 lọ́nà 1, yóò rí 2. Yóò fi 1/2 lọ́nà 1/2, yóò rí 1/4. Yóò sì wí pé 2¼ ni. Irọ́ ni. Kí ó sọ gbogbo rẹ̀ di ààbọ̀ ààbọ̀ ná: okùn méjì ààbọ̀ jẹ́ ìdajì márùn-ún, okùn kan ààbọ̀ jẹ́ ìdajì mẹ́ta. 5/2 × 3/2 = 15/4, èyí tí í ṣe 3¾. Bí a bá ya ilẹ̀ náà sí ojú erùpẹ̀, a ó rí ohun tí ó gbàgbé. Ó ka ilẹ̀ 2 tí ó wà ní àárín, ó sì ka igun kékeré tí ó jẹ́ 1/4, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀gbẹ́ méjì sílẹ̀: ẹ̀gbẹ́ kan tí ó jẹ́ okùn méjì ní gígùn, ààbọ̀ okùn ní ìbú, tí í ṣe 1, àti ẹ̀gbẹ́ kejì tí ó jẹ́ okùn kan ní ìbú, ààbọ̀ okùn ní gígùn, tí í ṣe 1/2. Èyí tí ó bọ́ sọ́nù jẹ́ 1½. Ẹbí tí ó bá ta ilẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 2¼ nígbà tí ó jẹ́ 3¾ ti fi ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀ tọrẹ fún ẹni tí ó rà á, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ àìmọ ìṣirò ara rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n níbi ogún ni ọ̀ràn yìí ti kàn wá jù lọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni àṣà wa ní láti pín ogún ẹni tí ó ní ìyàwó púpọ̀. Ìkíní ni ìdí-igi, níbi tí a ti kọ́kọ́ pín ohun ìní sí iye ìyàwó tí wọ́n bí ọmọ fún olóògbé, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan tó pín tiwọn láàárín ara wọn. Ìkejì ni orí-ò-jorí, níbi tí a ti ń ka orí àwọn ọmọ, tí a sì ń fún orí kọ̀ọ̀kan ní ọgbọọgba. Orí-ò-jorí jẹ́ ìpín ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí-igi jẹ́ ìdá nínú ìdá.

Ẹ jẹ́ kí a wí pé baba kan fi ilé oníyàrá 12 sílẹ̀, ó sì ní ìyàwó mẹ́ta. Ìyálé bí ọmọ mẹ́rin, ìyàwó kejì bí méjì, ìyàwó kẹta bí ọ̀kan ṣoṣo. Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ìdí kọ̀ọ̀kan ní 1/3. Ọmọ ìyálé kọ̀ọ̀kan ní ìdámẹ́rin nínú ìdámẹ́ta: 1/4 × 1/3 = 1/12, yàrá kan. Ọmọ ìyàwó kejì kọ̀ọ̀kan ní ìdajì nínú ìdámẹ́ta: 1/2 × 1/3 = 1/6, yàrá méjì. Ọmọ kan ṣoṣo ti ìyàwó kẹta ní 1/3 fún ara rẹ̀, yàrá mẹ́rin. Bí a bá fi orí-ò-jorí pín in, 1/7 ni ti olúkúlùkù. Ẹ rí i pé ọ̀nà tí a bá gbà pín in lè mú kí ìpín ọmọ kan tóbi sí i tàbí kí ó dín kù gidigidi. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyálé bá sì papò dà, tí òun náà fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ lábẹ́ ìyàwó kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdámárùn-ún nínú ìdá kan nínú 12: 1/5 × 1/12 = 1/60. Ìran mẹ́ta péré nìyí, ìdá ti di wẹ́wẹ́. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ẹbí, ẹnìkan yóò ṣe é fún wọn, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni náà ń ṣe é fún àǹfààní wọn.

Ọ̀ràn yìí ti dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ rí. Suberu Dawodu ti Èkó kú láìkọ ìwé ìhágún, ó sì fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Ọ̀nà wo ni kí a gbà pín ohun ìní rẹ̀? Bí a bá lo orí-ò-jorí, 1/9 ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lo ìdí-igi, 1/4 ni ti ìdí kọ̀ọ̀kan, ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì wà ní ọwọ́ iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, kọjá ilé ẹjọ́ Nàìjíríà dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1962 àwọn adájọ́ ibẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ṣì wà nínú àṣà Yorùbá, pé òun ni ọ̀nà tí a ń gbà pín ogún ní gbogbogbòò, ṣùgbọ́n pé olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá fẹ́ dé lórí ìpín. Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ wo ẹrù tí ìdájọ́ yìí gbé lé olórí ẹbí lórí. Báwo ni ẹni tí kò lè fi ìdá kan lé ìdá kejì yóò ti mọ ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó tó yan èyí tí yóò mú àlàáfíà wá? Igi gaǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Àyẹ̀wò kan sì wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹbí mọ̀. Nígbà tí a bá ti ṣe ìpín tán, kí a to gbogbo ìdá jọ: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi kan, kí ó má dín, kí ó má lé. Nínú ilé oníyàrá 12 tí a sọ yẹn, ọmọ mẹ́rin gba yàrá kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì gba méjì méjì, ọmọ kan gba mẹ́rin: 4 àti 4 àti 4, ó pé 12. Bí ó bá dín, ẹnìkan ti fi nǹkan pamọ́. Bí ó bá lé, wọ́n ti ṣe ìlérí yàrá tí baba kò kọ́.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò, nítorí náà kí ni àǹfààní fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò? A kò bá wọn jà lórí ìdánwò. Ohun tí à ń wí ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọmọ kọ́kọ́ ní òye nǹkan ní èdè tí ó fi ń ronú. Kíkọ́ orúkọ rẹ̀ ní èdè kejì kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe àbá lásán. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ èdè Yorùbá ni ó ta wọ́n yọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí náà wà, ṣùgbọ́n ìjọba kò dúró sí ojú kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ètò pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà kéde pé òun ti fagi lé ètò náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Láàárín ọdún mẹ́ta, a kọ́ ilé, a sì wó o, kí ọmọ kankan tó lè gbé inú rẹ̀ pé ọdún mẹ́fà. Bí ìjọba bá ti ìlẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ èdè wa, kò lè ti ìlẹ̀kùn agboolé wa mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ìṣirò ìdá jẹ́ ohun ìní Gẹ̀ẹ́sì, pé kò bá èdè dúdú mu. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín, ti ń ṣe ìṣirò ìdá ní ohun tí ó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn. Òfin fífi iye òkè lọ́nà iye òkè, iye ìsàlẹ̀ lọ́nà iye ìsàlẹ̀ wà nínú ìwé tí Brahmagupta ará Íńdíà kọ ní ọdún 628. Àwọn onímọ̀ tí ń kọ èdè Lárúbáwá ni ó mú ìmọ̀ yìí kọjá, kí Leonardo ará Pisa tó gbé e sínú ìwé rẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù ní ọdún 1202. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú yá a lò ni. Ní ti òǹkà tiwa, ní ọdún 1887 ni Adolphus Mann, míṣọ́nárì ará Jámánì tí ó gbé ní Ìjàyè, ti kọ ìwé lórí òǹkà Yorùbá fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pe 15 ní márùn-ún dín lógún, tí wọ́n ń pe 50 ní èyí tí mẹ́wàá dín nínú ọgọ́ta, kì í ṣe ènìyàn tí ìṣirò yóò ṣe àjèjì sí.

Kí ni kí a ṣe, nígbà náà? Ohun mẹ́ta ni a fi síwájú ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú wa. Ìkíní, kí àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ Yorùbá, èdè yòówù tí ìwé wọn ìbáà wà, máa ka àmì × láàárín ìdá méjì ní “nínú”, kí wọ́n sì máa bẹ̀rẹ̀ láti orí obì, iṣu àti ilẹ̀ tí a yà sí erùpẹ̀, kí wọ́n tó dé orí òfin. Ìkejì, kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ aláìní ná díẹ̀ nínú owó wọn lórí títẹ ìwé ìṣirò kékeré ní Yorùbá, tí àpẹẹrẹ inú rẹ̀ yóò jẹ́ ti oko, ọjà àti agboolé wa. Ìkẹta, kí ìpàdé ẹbí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọ̀rọ̀ ogún bá délẹ̀, máa kọ ìdá olúkúlùkù sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ẹbí to gbogbo rẹ̀ jọ, bóyá ó pé odindi kan. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ọmọ náà yóò mọ̀ pé ohun tí òun kọ́ wúlò, àwọn àgbà yóò sì mọ̀ pé a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

A ń fi ẹnu wí lójoojúmọ́ pé a fẹ́ràn èdè àti àṣà wa. Ìfẹ́ náà kò parí sórí ijó àti aṣọ òfì. Ibi tí a ti ń pín ilẹ̀, ibi tí a ti ń pín ilé, tí ọmọ opó ń dúró lẹ́bàá ògiri láti gbọ́ ohun tí ó kàn án, ibẹ̀ ni èdè wa ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Kí ọmọ náà lè wí, ní èdè ìyá rẹ̀, pé ìdajì nínú ìdámẹ́ta ni tèmi, ìdámẹ́fà ni, kí ó sì lè fi hàn lórí erùpẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.